Ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Herbert Macaulay ṣe ni a ti ń jẹ súyà báyìí

Àbúrò mi ọkùnrin tí a jọ ń gbé ní Ifákọ̀ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yaba. Láràárọ̀ ló máa ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, á ní òun ń lọ sí Herbert. Bí gbogbo wọn ṣe ń pè é nìyẹn. Kọ́ńdọ̀ ń pè é, oníkẹ̀kẹ́ ń pè é, àwọn tó ń wá ilé rẹ́ǹtì lágbègbè yẹn ń pè é, wọn kì í rántí Macaulay tó wà lẹ́yìn orúkọ náà. Ẹ bi wọ́n pé ta ni Herbert, ẹ ó rí i pé wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní kí n tẹ̀lé òun lọ wo àwọn olórin kan ní Freedom Park, lọ́hùn-ún ní Broad Street. A wọ dáńfó tó ń lọ sí CMS. Orí afárá Third Mainland la wà tí mo fi sọ fún un pé ibi tí à ń lọ yẹn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, àti pé Herbert tirẹ̀ yẹn wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Ẹ mọ àwọn ọmọ ìsinsìnyí, kò dúró kí n parí ọ̀rọ̀. Ó fa fóònù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kí ọkọ̀ wa tó sọ̀kalẹ̀ lórí afárá, ó ti rí ohun tó ń wá. Ó ní àṣé owó ló gbé bàbá dé ẹ̀wọ̀n, owó ogún ẹni tó ti kú, ọdún 2 ni wọ́n sì dá fún un. Ó wá fẹ̀rín sí i, ó bi mí bóyá kí òun kúkú máa pe àwọn olóṣèlú ayé ìsinsìnyí náà ní akọni, kí gbogbo wa lè sinmi.

Àwọn èrò inú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rẹ́rìn-ín, torí n ò ní èsì kankan lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nípa Macaulay nílé ìwé ni pé ó jà fún òmìnira, àwọn òyìnbó sì jù ú sẹ́wọ̀n. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí. Kò sí olùkọ́ tó sọ fún wa pé ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ, àti pé ẹ̀wọ̀n àkọ́kọ́ yàtọ̀ pátápátá sí èkejì. Ẹni tí wọ́n bá bò mọ́lẹ̀ báyìí, ọjọ́ tí ọmọ ọdún 23 bá fi fóònù tú u síta, ẹ̀gbin ni yóò jẹ́ lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864 ni wọ́n bí i l'Ékòó. Ìyá rẹ̀, Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni, ìyẹn ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré tó padà wá di bíṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1859. Ẹ ò rí i pé ilé ìwé àti ilé Ọlọ́run ló yí ọmọ náà ká. Orúkọ rẹ̀ gùn bí ọkọ̀ ojú irin: Ọláyínká wà níbẹ̀, Badmus náà wà níbẹ̀. Ìjọba amúnisìn fúnra wọn ló rán an lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1890 láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjinníà. Nígbà tó dé lọ́dún 1893, wọ́n fi í ṣe awọnlẹ̀ fún ilẹ̀ ọba l'Ékòó. Ó gbọ́ orin òyìnbó, ó mọ fayolíìnì ta, ó ń wọ kóòtù tó bá a mu. Tí wọ́n bá ń wá ẹni tí yóò bá òyìnbó jẹun lórí tábìlì kan náà títí ayé, òun gan-an ni.

Àmọ́ ẹni tó bá ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba máa ń rí ohun tí ojú ẹlòmíì ò tó. Ó rí ilẹ̀ ta ni wọ́n ń gbà, ó rí ẹni tí wọ́n ń fún. Ó tún rí i pé bí òun ṣe mọ iṣẹ́ tó, ojú tí wọ́n fi ń wo aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi ń wo òun. Lọ́dún 1898 ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kí n má parọ́ fún yín, àwọn ọ̀gá rẹ̀ náà ti ń fẹ̀sùn kàn án nígbà yẹn pé ó ń lo ipò rẹ̀ fún àǹfààní ara rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà ló gbé Caroline Pratt níyàwó. Kò pé ọdún kan tí ìyàwó fi kú nígbà tó ń rọbí. Macaulay bí àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tún mú ìyàwó kankan lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ títí tó fi kú.

Ó wá dá dúró, ó ń wọn ilẹ̀ fún aráàlú, ó sì ń yàwòrán ilé fún àwọn ọlọ́lá Èkó. Ọ̀kan nínú ilé tó yàwòrán rẹ̀ ni ti Henry Carr, ọ̀mọ̀wé ńlá tó wà lẹ́yìn ìjọba. Àwọn méjèèjì padà di ọ̀tá, débi pé lọ́dún 1924 Macaulay tẹ odindi ìwé kan jáde láti fi sọ pé kí Carr kúrò lórí oyè. Èmi máa ń ronú nípa rẹ̀: kí ẹ máa sùn nínú yàrá tí ọ̀tá yín fọwọ́ ara rẹ̀ yà.

Lọ́dún 1908 ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìjọba lẹ́nu gan-an. Ó kọ ìwé pélébé kan tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń náwó ojú irin nígbà Gómìnà Egerton. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba ní kí àwọn ará Èkó máa san owó omi ẹ̀rọ. Aráàlú ní omi kànga àwọn kò ní nǹkan tó ń ṣe é, pé àwọn òyìnbó ló ń wá omi ẹ̀rọ. Macaulay wà níwájú wọn. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru.

Lọ́dún 1913, wọ́n rí i mú.

Iṣẹ́ àbójútó ogún ẹnì kan tó ti kú wà lọ́wọ́ Macaulay. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù pé ó na owó tí kì í ṣe tirẹ̀ níbẹ̀. Kóòtù ní ó jẹ̀bi, wọ́n sì rán an lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ sọ títí pé àwọn òyìnbó tó ń dọdẹ rẹ̀ ló wá nǹkan fi mú un. Pé wọ́n ń dọdẹ rẹ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń dọdẹ náà lè ṣẹ̀. N ò rò pé ó yẹ ká máa sọ fún ọmọ wa pé irọ́ lásán ni ẹjọ́ yẹn, nítorí pé ẹni tó jẹ ẹ́ padà di ẹni ńlá. Ogún òkú ni, àwọn kan ló ń retí owó yẹn.

Ohun tí ẹjọ́ yẹn gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju ọdún 2 lọ. Nítorí rẹ̀, òfin ò jẹ́ kó lè du ipò ìdìbò kankan mọ́ láyé rẹ̀. Ó di ẹni tí ilẹ̀kùn ilé ìgbìmọ̀ tì mọ́ síta pátápátá, ó ku ọdún 33 kó tó kú. Ibí yìí gan-an ni mo ti fẹ́ kí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn rẹ̀, ibẹ̀ ló sì pa fóònù dé.

Kí ni ẹni tí wọ́n ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ báyìí lè ṣe? Ìjọba ti gba ilẹ̀ kan ní Àpápá tó jẹ́ ti ìdílé Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání. Ìjọba ní olóyè ò ni ilẹ̀, pé owó táṣẹ́rẹ́ ló tọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé l'Ékòó lónìí, tí ẹ ń rí ọ̀dà pupa lára ògiri ilé, tí ẹ ń rí àkọlé pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Lọ́dún 1920, Macaulay tẹ̀lé olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀, ọ̀pá àṣẹ Elékòó sì wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 1921, àwọn adájọ́ Privy Council, tí kò sí kóòtù tó jù wọ́n lọ nígbà yẹn, dájọ́ pé ará ìlú ló ni ilẹ̀, àti pé tí ìjọba bá fẹ́ gbà á, kí wọ́n sanwó rẹ̀ bí ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ onílẹ̀. Wọ́n san 22,500 pọ́n-ùn. Ẹjọ́ yẹn ni àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdílé bá délẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù yẹn náà ni Macaulay ti sọ̀rọ̀ nípa Elékòó, Ọba Èṣùgbàyí, bíi pé òun ni olórí gbogbo mílíọ̀nù èèyàn tó wà ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Inú ìjọba ru. Wọ́n ní kí ọba jáde sọ fún aráyé pé òun kò rán Macaulay ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọba kọ̀. Lọ́dún 1925 wọ́n yọ ọ́ lórí oyè, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 6 ni Macaulay fi ń ti ẹjọ́ ọba náà lẹ́yìn láti kóòtù dé kóòtù, títí tó tún fi dé Privy Council lọ́dún 1931, tí wọ́n ní gómìnà kò lè kàn ṣàdédé lé èèyàn kúrò nílùú láìjẹ́ pé ó fi òfin ti ara rẹ̀ lẹ́yìn. Èṣùgbàyí padà wọ Èkó lọ́dún yẹn.

Àárín wàhálà yẹn ni ẹ̀wọ̀n kejì ti ṣẹlẹ̀. Òun àti Dókítà Akílàdé Caulcrick ti ra ìwé ìròyìn Lagos Daily News. Lọ́dún 1928, ìwé ìròyìn náà gbé àhesọ kan jáde pé wọ́n ń gbìmọ̀ láti pa Elékòó. Ìjọba gbé Macaulay lọ sí kóòtù, wọ́n sì fi í sẹ́wọ̀n oṣù 6. Ó ti lé lẹ́ni 60 ọdún nígbà yẹn, irunmú ńlá rẹ̀ tí gbogbo ìlú mọ̀ ti funfun. Èyí ni ẹ̀wọ̀n tí wọ́n lè fi gbé e gẹ̀gẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ti 1913, ẹ fi sílẹ̀ sí àyè tirẹ̀. Tí a bá da méjèèjì pọ̀, a ó pàdánù òtítọ́ méjèèjì.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìdìbò. Lọ́dún 1922, òfin tuntun ti Gómìnà Clifford fún Èkó ní àyè 3 nínú ilé ìgbìmọ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1923, Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà gba àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Egerton Shyngle wọlé, Adéníyì-Jones wọlé, Eric Moore wọlé. Wọ́n tún gbà á ní 1928, wọ́n gbà á ní 1933, kó tó di pé àwọn ọ̀dọ́ inú Nigerian Youth Movement já a gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1938. Nínú gbogbo rẹ̀, orúkọ Macaulay ò sí lórí ìwé ìdìbò rí. Òun ló ń se ọbẹ̀, àwọn ẹlòmíì ló ń jókòó jẹ ẹ́. Ilé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kirsten Hall, ní òpópónà Balbina, di ibi tí ọlọ́jà, olóyè, àlùfáà àti onígbèsè ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wọlé. Àwọn òyìnbó ní oṣó ni.

Àwọn obìnrin ò lẹ́tọ̀ọ́ àtidìbò nígbà yẹn, síbẹ̀ àwọn ìyá ọlọ́jà ni eegun ẹ̀yìn ẹgbẹ́ náà. Alímọ́tù Pẹlẹ́wùrà, ẹni tó ń ta ẹja tó sì jẹ́ olórí wọn, kò mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n bó bá ní kí wọ́n ti ọjà Èkó, ọjà ti nìyẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, ìjọba ní kí obìnrin tó bá ń pa ju 50 pọ́n-ùn lọ lọ́dún máa san owó orí. Àwọn obìnrin tú jáde, Macaulay wà lẹ́yìn wọn, ìjọba sì sún un sókè sí 200 pọ́n-ùn. Tí mo bá lọ sí Mile 12 láàárọ̀ tí mo rí bí àwọn ìyá yẹn ṣe ń pín tòmátì láti inú ọkọ̀, tí wọ́n ń pàṣẹ fún ọkùnrin ńlá ńlá, ojú Pẹlẹ́wùrà ni mo máa ń rí.

Lọ́dún 1944, ó lé ní ẹni ọdún 79 nígbà tí wọ́n fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC, Nnamdi Azikiwe sì jẹ́ akọ̀wé. Ọdún 2 lẹ́yìn náà, arúgbó yìí wọ ọkọ̀ pẹ̀lú wọn, wọ́n ń káàkiri ìlú láti tako òfin tuntun Gómìnà Richards. Kano ni àìsàn ti dá a dúró. Wọ́n gbé e padà wálé, ó kú l'Ékòó ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1946. Wọ́n sin ín sí Ìkòyí. Lọ́dún 1979, ìjọba Nàìjíríà gbé àwòrán rẹ̀ sórí owó náírà 1. Àbúrò mi ò rí i rí láyé rẹ̀, torí kí ni ẹ fẹ́ fi náírà 1 rà?

A dé Freedom Park. Mo sọ fún un pé ìjọba amúnisìn ló kọ́ ẹ̀wọ̀n síbẹ̀, tí wọ́n padà kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi mọ ọ́n. Àwọn mìíràn náà ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀ lẹ́yìn Macaulay: Anthony Enahoro, Michael Imoudu, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lẹ́yìn òmìnira, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n kúrò, ilé wó, ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń da pàǹtírí sí. Ayàwòrán ilé kan, Theo Lawson, ló ronú pé kí wọ́n fi í ṣe ọgbà ìrántí, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé 50 ọdún. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn, orí ìtàgé ló wà níbẹ̀ báyìí. Àwọn olórin tí a wá wò, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n dúró sí.

Ní Mẹ́síkò, ilé kan wà nílùú Guanajuato tí wọ́n kọ́ fún ìpamọ́ ọkà. Lọ́dún 1811, lẹ́yìn tí àwọn ará Spéènì pa Miguel Hidalgo, àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀ ogun òmìnira wọn, wọ́n gbé orí rẹ̀ àti ti àwọn mẹ́ta mìíràn kọ́ sí igun mẹ́rin ilé náà. Ó wà níbẹ̀ fún ọdún 10. Ilé náà di ẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà, lónìí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn ọmọ iléèwé sì ń wọ ibẹ̀. Wọn ò wó o. Igun tí orí wà, ọmọ wọn lè fọwọ́ kàn án.

Tiwa, apá kan ògiri ló kù, a sì dúpẹ́ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹni tó bá dúró níwájú ògiri yẹn gbọ́ ìtàn Macaulay láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: owó ogún, ìwé ìròyìn, ilẹ̀ Àpápá, ìdìbò tí kò lè du. Ọmọ tó bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa, kò sí fóònù tó lè dẹ́rù bà á.

Mo sọ èyí fún àbúrò mi níbi tí a ti ń jẹ súyà. Kò sọ pé mo borí, kò sì sọ pé mo kùnà. Ó ní bí Macaulay bá na owó yẹn lóòótọ́, òun ò ní gbàgbé. Mo ní kó má gbàgbé.

Alẹ́ ti lẹ́ kí a tó rí ọkọ̀ padà. Lórí afárá, ó ṣàdédé bi mí bóyá òun ì bá lè dìbò fún ẹgbẹ́ Macaulay lọ́dún 1923. Mo ní ọkùnrin tó bá ń gba 100 pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ni wọ́n fún láyè. Ó dákẹ́, ó ń ṣírò owó oṣù rẹ̀ sí owó àtijọ́. Mo ní kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ò tiẹ̀ sí nínú ìṣírò yẹn rárá. Kọ́ńdọ̀ ti ń pariwo Ifákọ̀, a sọ̀kalẹ̀.